Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ti ẹran tí kì í ṣe ti ènìyàn: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ń sin ẹran àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu

Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tí ó bá ń sin ẹran tí ó sì ń tà á kò lè fi èdè kan ṣoṣo ṣe é. Yorùbá ni a fi ń ná ẹran lọ́jà, Faransé ni a fi ń kọ ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá bá kọ̀wé ránṣẹ́ láti Èkó, tàbí tí a bá ra oògùn ẹran tí ó gba ọ̀nà Ìlárá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni a óò bá níbẹ̀. Ààlà tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1889 ni ó fi Ìmẹ̀kọ, tí ó ti wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi Kétu fúnra rẹ̀ sí ọwọ́ Faransé; ọ̀rọ̀ ẹnu wa kò yà, ìwé wa ni ó yà. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti àwọn tí ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní ìlú yìí, ń bá ìṣòro kan náà pàdé: wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ènìyàn kọ nípa ewúrẹ́, èyí tí ó burú jù sì ni pé nígbà mìíràn wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kọ nípa ènìyàn.

Òfin kan ni ó wà lábẹ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ gbogboogbò máa ń wà tí ó gba ènìyàn tí ó sì gba ẹran, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ ti ẹran nìkan. Bí ẹ bá lo ti gbogboogbò fún ẹran, ohun tí ó burú jù tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé kí oníbàárà mọ̀ pé ẹ kò tíì mọ èdè iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo ti ẹran fún ènìyàn, èébú ni, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò sì ní dúró bi yín bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nítorí náà, nígbàkígbà tí iyèméjì bá wà, ti gbogboogbò ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú Yorùbá

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà sí i kí ojú ewé pín sí ọ̀nà mẹ́ta: Yorùbá lápá òsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbogboogbò láàárín, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ti ẹran nìkan lápá ọ̀tún. Mi ò fi àyè sílẹ̀ fún Faransé nínú ìwé yìí, mo sì ní ìdí. Faransé máa ń pààlà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti pààlà: ẹsẹ̀ ènìyàn ni “jambe”, ti ẹran ni “patte”, ẹnu ènìyàn ni “bouche”, ti ajá ni “gueule”, bí obìnrin bá bímọ, “accoucher” ni wọn yóò sọ, bí ó bá sì jẹ́ ewúrẹ́ ni ó bí, “mettre bas” ni. Ẹṣin nìkan ni wọ́n ń bu ọlá fún, tí wọ́n ń pe ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ bí ti ènìyàn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹsẹ̀ méjèèjì ní “leg”, ó ń pe ẹnu méjèèjì ní “mouth”, “give birth” sì gba ìyá ọmọ àti ìyá ewúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lo ẹsẹ̀, ẹnu àti bíbí láìka ẹni tí ó ni ín sí.

Ní ìdàkejì, Faransé máa ń da ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ pọ̀. “Élever” ni wọ́n ń lò fún ọmọ àti fún àgùntàn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ ni a ń tọ́, ẹran ni a ń sìn. Ẹni tí ó bá gba inú Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé ọ̀nà náà tọ́ ju bí ó ti rò lọ, ó kàn jẹ́ pé ilé ìwé ti mú wa mọ ọ̀nà yíyí ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan arọ́pò-orúkọ kí ẹ tó yan ohunkóhun mìíràn

“Ó” tiwa gba ọkùnrin, obìnrin, àgbò àti òkúta. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹran tí a ń tà, tí a ń tọ́jú, tàbí tí a ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀, “it” ni kí ẹ lò. Bí ẹran náà bá ní orúkọ tí ó sì jẹ́ ẹran inú ilé, bí ajá tàbí ológbò, ẹni tí ó ni ín lè pè é ní “he” tàbí “she”, ẹ̀yin náà sì lè tẹ̀lé e. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tilẹ̀ máa ń bínú bí ẹ bá pe ajá wọn ní “it”. Ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ “it” láé, àfi nínú ìbéèrè bí “who is it?” tí a ń bi ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn.

Bákan náà ni “who” àti “which” ṣe rí. Ènìyàn ni “who”, ẹran ni “which”, “that” sì gba ti ẹran láìsí àríyànjiyàn. “Whose” nìkan ni kò pààlà: “a goat whose leg is broken” tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: akọ, abo, àti èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá

Níbí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, kí ẹ fi ara balẹ̀. “Male” àti “female” ni ọ̀rọ̀ gbogboogbò, ṣùgbọ́n “female” ní ẹ̀tàn nínú fún àwa tí a kọ́ Faransé, nítorí pé “femelle” jẹ́ ti ẹran, gẹ́gẹ́ bí abo tiwa náà kò ti ṣe é pe ìyàwó ẹni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àbùkù nínú “female” nígbà tí ó bá ń ṣàpèjúwe orúkọ mìíràn: “a female teacher” àti “a female patient” dára. Ibi tí ó ti ń dun ni létí ni ìgbà tí a bá dá a dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ, bí ìgbà tí a bá kọ pé “a female came to see you”. “A woman” ni kí ẹ kọ níbẹ̀. Ní ti ẹran, ẹ lè dá a dúró bí ó bá ṣe wù yín, kódà ìwé ìwádìí ń kọ “five females and one male” nípa ewúrẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ tí oníṣòwò ń lò, tí ó ń sọ irú ẹran, bóyá akọ ni tàbí abo, àti ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abo màlúù tí ó ti bí ni “cow”, èyí tí kò tíì bí ni “heifer”, akọ ni “bull”, ọmọ ni “calf”. Abo àgùntàn ni “ewe”, àgbò ni “ram”, ọmọ wọn ni “lamb”. Abo ewúrẹ́ ni “doe” lẹ́nu dókítà ẹran, àwọn ará ilé sì ń pè é ní “nanny goat”. Òbúkọ ni “buck” tàbí “billy goat”. Ọmọ wọn ni “kid”. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ni “sow”, akọ ni “boar”, ọmọ ni “piglet”. Àgbébọ̀ ni “hen”, àkùkọ ni “cock”, òròmọdìẹ sì ni “chick”. Ẹ má ṣe yọ “goat” kúrò lára “nanny goat”, nítorí “nanny” nìkan jẹ́ obìnrin tí a gbà láti máa tọ́jú ọmọ, oníbàárà yín á sì ṣe kàyéfì pé irú ọjà wo ni ẹ ń tà.

Bí àwọn orúkọ wọ̀nyí bá kúrò lára ẹran tí wọ́n bọ́ sára ènìyàn, èébú ni ó pọ̀ jù nínú wọn: “cow” àti “sow” fún obìnrin, “pig” fún ẹnikẹ́ni, àti “bitch”, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán nínú ìwé dókítà ajá ṣùgbọ́n tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ níbikíbi mìíràn. Fún àwa, “female dog” tó. “Kid” nìkan ni ó bọ́, nítorí gbogbo ayé ni ó ń fi í pe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Síbẹ̀ ẹ má ṣe fi í sínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé.

Ẹran tí a tẹ̀ lọ́dàá ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì nítorí pé owó rẹ̀ yàtọ̀. “Castrated” ni ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Àgbò tàbí òbúkọ tí a tẹ̀ ni “wether”, màlúù ni “bullock” tàbí “steer”, ẹlẹ́dẹ̀ ni “barrow”, ẹṣin ni “gelding”, àkùkọ sì ni “capon”. “Spay”, èyí tí ó túmọ̀ sí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo ẹran kí ó má bàa lóyún mọ́, jẹ́ ti ẹran pátápátá. Obìnrin tí ó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀yà tún yàtọ̀. Ní Nàìjíríà àti Gánà, “grasscutter” ni wọ́n ń pè é, oníbàárà tí ó ti Èkó wá yóò sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń gé koríko tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń gé e ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bí ìwé yín bá ń kọjá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, “cane rat” ni kí ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oyún, ìbí àti ẹyin

“Pregnant” àti “give birth” gba méjèèjì, wọn kì yóò sì já yín kulẹ̀. “Expecting” àti “have a baby” jẹ́ ti ènìyàn. Ọ̀nà tí àwọn olùsin ẹran fúnra wọn gbà ń sọ oyún ni láti fi “in” síwájú orúkọ ọmọ: “in calf” fún màlúù, “in lamb” fún àgùntàn, “in kid” fún ewúrẹ́, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni “in pig”, tí ó dà bí àwàdà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àwàdà. Ìbí náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: màlúù a máa “calve”, àgùntàn a máa “lamb”, ewúrẹ́ a máa “kid”, ẹlẹ́dẹ̀ a máa “farrow”, ajá a máa “whelp”. Ẹ ó bá wọn pàdé nínú ìwé tí a bá ń ka ọjọ́ sí: ewúrẹ́ àti àgùntàn a máa lo nǹkan bí 150 ọjọ́ kí wọ́n tó bí, ẹlẹ́dẹ̀ nǹkan bí 114, màlúù nǹkan bí 280, ehoro nǹkan bí 31.

Àwọn ọmọ tí ajá, ẹlẹ́dẹ̀, ehoro tàbí ọ̀yà bí lẹ́ẹ̀kan náà ni a ń pè ní “litter”. Ewúrẹ́ tí ó bí méjì kò ní “litter”. “Twins” ni wọ́n ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò sọ ọ̀kan ní Táíwò.

Nígbà tí abo bá ń wá akọ, “on heat” tàbí “in heat” ni a ń sọ. Akọ àti abo a sì máa “mate”. Ẹ má ṣe fi “on heat” tàbí “in heat” sọ̀rọ̀ nípa obìnrin, kódà láti fi pa ẹ̀rín. Adìẹ ní tirẹ̀ a máa “lay”, a máa sàba, èyí tí í ṣe “sit” tàbí “brood”, ẹyin rẹ̀ a sì máa “hatch” lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 21.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìran ẹran àti bí a ṣe ń sìn ín

Níbí ni Faransé ti ń ṣe wá ní ìjàǹbá tí ó burú jù. Wọ́n ń pe irú ìran tí ẹran ti wá ní “race”, akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ “a good race of goat”. “Race” nínú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ènìyàn, tàbí kí ó jẹ́ eré sísá. “Breed” ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá: “a good breed of goat”. Ẹran tí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìran kan náà ni “cross-breed”, ó sì dára kí a kọ ọ́ nítorí oníbàárà yóò fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n “half-breed” fún ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti ìran méjì jẹ́ èébú àtijọ́ tí ó ṣì ń dun ènìyàn. “Mixed-race” ni wọ́n ń kọ nípa ènìyàn.

Ẹran kúkúrú tí ó pọ̀ ní àgbègbè wa ní orúkọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, “West African Dwarf”. Kò sí àbùkù nínú “dwarf” nínú orúkọ yẹn. Fún ènìyàn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò fẹ́ ẹ.

“Élever” pín sí mẹ́ta. Bí ẹ bá kàn ń sin ẹran, “keep” tàbí “raise” ni. Bí ẹ bá ń yan akọ àti abo kí ọmọ wọn lè dára, “breed” ni, ẹni tí ń ṣe é ni “breeder”. Kì í ṣe gbogbo “éleveur” ni “breeder”, ẹni tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé kò tíì jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ ni a ń “bring up”. “Raise” gba ọmọ náà, pàápàá lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. “Breed” kò gba ọmọ, àfi nínú gbólóhùn kan tí ó ti di àṣà, “born and bred in Ketu”, tí kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀yà ara

Èyí kò gba àkókò. Ẹ má ṣe tú “patte” sí “paw” fún gbogbo ẹran: ẹsẹ̀ rírọ̀ tí ó ní èékánná, bíi ti ajá, ológbò àti ehoro, ni “paw”, ewúrẹ́ àti màlúù ní pátákò, èyí tí í ṣe “hoof”. Imú ẹlẹ́dẹ̀ ni “snout”. Ọmú màlúù ni “udder”, orí rẹ̀ tí a ń fún ni “teat”. “Breast” jẹ́ ti obìnrin, ó sì tún jẹ́ àyà adìẹ tí a sè. Awọ ẹran ńlá ni “hide”, ti ẹran kékeré ni “skin”, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ “hides and skins” pọ̀. Ìgbẹ́ màlúù ni “dung”, ti ewúrẹ́ àti adìẹ ni “droppings”, ohun tí dókítà ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ní ilé ìwòsàn ni “stool”, “faeces” sì gba gbogbo wọn bí ẹ bá ń kọ ìròyìn àìsàn.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ, omi àti oògùn

“Food” gba méjèèjì, “feed” gẹ́gẹ́ bí orúkọ jẹ́ ti ẹran, ó sì wà lára gbogbo àpò oúnjẹ adìẹ. Ẹran tí ń jẹ koríko ilẹ̀ a máa “graze”, èyí tí ń já ewé igi a máa “browse”. Àgùntàn ni ti àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni ti èkejì. “Water the goats” túmọ̀ sí pé kí a fún wọn lómi mu, ṣùgbọ́n àlejò kì í ṣe ẹni tí a ń “water”.

Ẹ wo ara ìgò oògùn aràn dáadáa. Bí ẹ bá rí “drench” níbẹ̀, oògùn tí a ń dà sí ẹran lẹ́nu ni, kì í ṣe èyí tí a ó dà sí i lára. Àṣìlóye ọ̀rọ̀ yìí lè sọ owó oògùn di òfò, nítorí ohun tí ilé ìwé kọ́ wa ni pé “drenched” ni ẹni tí òjò pa. Ní ti àrùn tí ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn wa, ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan fún un: “peste des petits ruminants”, tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Côte d'Ivoire ní 1942, ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń lò, PPR ni ìkékúrú rẹ̀ nínú èdè méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: pípa, ikú àti ẹran jíjẹ

“Die” gba gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. “Slaughter” ni pípa ẹran fún jíjẹ, bí ẹ bá sì lò ó fún ènìyàn, ìpakúpa ni ẹ sọ. Òkú ènìyàn ni “corpse” tàbí “body”. Ara ẹran tí ó ti kú, àti odindi ẹran tí a ti bó tí a fi kọ́ lọ́dọ̀ alápatà, ni “carcass”. Ajá tí dókítà fún lábẹ́rẹ́ kí ó lè kú láìjìyà ni a “put down” tàbí “put to sleep”. Adìẹ tí a pa nítorí pé àìsàn wọ inú agbo ni a “cull”.

Tí ẹran bá dé inú ìkòkò, ẹ lè jẹ́ kí Faransé padà wá, nítorí níbí ó wúlò. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ wọn wọ inú oúnjẹ: “bœuf” di “beef”, “mouton” di “mutton”, “porc” di “pork”, “veau” di “veal”. Èyí tí ó ṣì wà láàyè ní ìta ni “cow”, “sheep”, “pig” àti “calf”. Ewúrẹ́ kò rí orúkọ gbà nínú ìpín náà lọ́nà tí ó fi wọ́pọ̀, “goat meat” ni kí ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wo àkọlé kékeré tí ó ṣáájú ìtumọ̀. “Of an animal” ń sọ pé ti ẹran ni. “Offensive”, “derogatory” tàbí “disapproving” ń kìlọ̀ pé èébú ni tàbí pé kò dára létí. Bí kò bá sí ìwé nítòsí, ẹ mú gbólóhùn yín, kí ẹ fi orúkọ ìyá yín rọ́pò ewúrẹ́ inú rẹ̀. Bí ojú bá tì yín láti kà á sókè, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà lápá ọ̀tún nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín.

Àpẹẹrẹ ìkéde kan nìyí tí a tú láti inú Faransé: “I sell two females of good race, pregnant, their paws are healthy, and one male who is castrated.” Ẹ ó gbọ́ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò dín owó tí ó fẹ́ san kù. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyí: “For sale in Ketu: two West African Dwarf does, both in kid, with sound hooves, and one wether. All three are vaccinated against PPR.” Bí ó bá jẹ́ màlúù ni ẹ ń tà tí ẹ sì fẹ́ sọ iye wọn, “ten head of cattle” ni wọ́n ń kọ, láìfi “s” sí ẹ̀yìn “head”, “sheep” náà kì í sì í gba “s” bó ti wù kí ó pọ̀ tó.